Ìjókòó Ràmátù àti Ejìká Ìyá Rẹ

Maourey, Niamey

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Oúnjẹ tí o fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, bàbá rẹ ló jẹ ẹ́. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, pé kí o máa bínú lọ bẹ́ẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá se ẹja odò. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ibi tí takisí rẹ gbà lọ sí ọ̀nà afárá, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n fi pẹ̀lẹ́ sọ, ariwo ni mo fi bà á jẹ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé nìyẹn. O lè máa wí pé kí ló dé tí ìyá tó wà ní Maourey fi ń kọ lẹ́tà sí ọmọ tó wà ní Harobanda, nígbà tó jẹ́ odò kan ṣoṣo ló là wá láàárín, tí fóònù sì wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ọmọ mi, bí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Oui maman, je te rappelle," pé wàá padà pè mí, ó parí nìyẹn. Bí o bá sì wá sílé, kí n tó sọ gbólóhùn kan, o ti sọ mẹ́rin. Ìwé nìkan lọmọ ò lè já lù. Mo mọ̀ pé Yorùbá rẹ ò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀, ẹ̀bi mi sì ni, torí èmi ni mo fà ọ́ lé àwọn Faransé lọ́wọ́ láti kékeré. Rọra kà á sókè. Èyí tí kò bá yé ọ, fa ìlà sí i lábẹ́, kí o wá bi mí.

Kí n tó lọ jìnnà, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Nígbà tí àwọn obìnrin tá a jọ ń lọ àsàlátù bi mí pé iṣẹ́ kí ni Àṣàkẹ́ ń ṣe gan-an, mo ní o máa ń wọnú bàálù àwọn ológun, o máa ń wò ó bóyá ìjókòó rẹ̀ bá ara ẹni tó máa wà á mu: bóyá ojú ẹni kúkúrú ń ríwájú, bóyá orúnkún ẹni gíga ò kan pátákó, bóyá ọwọ́ ń tó bọ́tìnnì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti de bẹ́líìtì. Mo ní o tún máa ń wo tábìlì àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ojú òfúrufú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé ìyẹn náà niṣẹ́?" Mo ní iṣẹ́ gidi ni. Wọn ò mọ ìdí tí mo fi dá a lóhùn kíá bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n, èmi ni mi ò sọ ọ́ fún ọ rí.

Jẹ́ ká padà sí ọjọ́ Àìkú. O sọ fún wa pé ẹ ti fẹ́ parí àyẹ̀wò bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. O ní gbogbo àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ ló sọ pé ó dára. Mo ní, "Gbogbo wọn?" O ní, "Gbogbo wọn, Màmá." Lẹ́yìn náà lo wá mẹ́nu kan Ràmátù, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó kúrú jù nínú wọn, pé tìmùtìmù ló máa ń gbé wá láti ilé kójú rẹ̀ tó lè ríwájú. Bàbá rẹ ní, "Ọmọ yẹn gbọ́n." Ìwọ náà ní ó gbọ́n. Èmi ni mo pariwo pé, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

O wá ní, "Màmá, bí mo bá kọ ọ́ pé ìjókòó yẹn ò bá a mu, wọn ò ní pààrọ̀ ìjókòó. Ràmátù ni wọ́n máa pààrọ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n má kọ ọ́." Mo sì ní ṣé irọ́ lo wá fẹ́ fọwọ́ sí ni. Ọ̀rọ̀ yẹn le jù. O dìde, o mú báàgì rẹ.

Mo ti rò ó láti ìgbà yẹn. Ìwọ lo máa buwọ́ lu ìjábọ̀ náà kí oṣù tó tán, èmi kọ́. Bí o bá kọ pé ó dára, ọmọ ọlọ́mọ á máa fò lókè pẹ̀lú tìmùtìmù lábẹ́ ìdí. Bí o bá kọ pé kò dára, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tó sú ènìyàn ni, kò sì yẹ kí n jágbe mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Jẹ́ kí n tú àkísà tèmi sílẹ̀, kí o yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé láti wá bá bàbá rẹ níbí, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lórí ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ rí ṣe, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń kó páàtì ọkọ̀ wọlé. Èmi nìkan ni Yorùbá ibẹ̀. Tábìlì tí wọ́n fún mi ga dé àyà mi. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún, àmọ́ ó dájú pé ọkùnrin gbọọrọ ni. Mo ra tìmùtìmù ní ọjà Grand Marché, mo gbé e sórí àga, mo jókòó lé e. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni Hàdísà wà, ọmọ Fúlàní, ó ga bí ọ̀pẹ. Irú tábìlì kan náà ni wọ́n fún un. Orúnkún tirẹ̀ kì í wọlé sábẹ́ rẹ̀ láìkan dúróà. Ká jókòó báyìí, kí a rẹ́rìn-ín síra wa, kí a máa báṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ ra tábìlì sí i, wọ́n sì rán ọkùnrin kan wá pé kó wò ó bóyá èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́ wa lọ́rùn. Àárọ̀ ló dé. Ọ̀gá wa dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo wa nà ró bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Ça va, madame?" Mo ní, "Ça va, monsieur, merci," pé ó dára, a dúpẹ́. Ó bi Hàdísà, òun náà ní ça va. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ. Nígbà tó yá, irú tábìlì kan náà ló kún ọ́fíìsì wa.

Wàá ní kí ló dé tí a fi purọ́ fún un. Àṣàkẹ́, a ò mọ̀ ọ́n sí irọ́. A dá a lóhùn bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Èmi, ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní ṣé àlàáfíà ni, a dúpẹ́ ni mo máa wí, bí ibà tiẹ̀ ń bá mi jà. Ìlú tí mo sì wá bá, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí. Bi Hausa, á ní "lafiya lau". Bi Zarma, á ní "bani samay", àlàáfíà nìkan ló wà. Òkú lè wà nílẹ̀, á kọ́kọ́ ní àlàáfíà ni ná, lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá sọ pé bàbá òun kú lánàá. Mo nífẹ̀ẹ́ ìwà yẹn, mi ò fẹ́ kó parẹ́. Ṣùgbọ́n ìkíni ni, ọkùnrin yẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àbájáde àyẹ̀wò.

Nítorí náà, àkọ́kọ́: ìdáhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fún ọ, gbà á bí ìkíni, kí o dúpẹ́, kí o sì máa báṣẹ́ rẹ lọ. Má bi wọ́n pé ṣé ó dára. Ní kí wọ́n ṣe nǹkan kan. Ní kó de bẹ́líìtì le dáadáa, kó dé akoto, kó wọ gbogbo ẹ̀wù tó máa wọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, kó wá nawọ́ sí bọ́tìnnì tó jìn jù, kó fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì títí kó fi dé ìsàlẹ̀. Ìwọ máa wò ó. Ẹnu lè ní a dúpẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ tí kò bá tó ilẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń kíni.

Èkejì, má jẹ́ kí ọ̀gá wọn dúró tì ọ́. Mo mọ̀ pé ológun ni wọ́n, kò rọrùn. Ṣùgbọ́n o mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ níbí: kí i, kí ilé, kí ọmọ, mu ife tíì mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí o wá sọ fún un pé ojú ń tì ọ́ láti máa wọn ènìyàn lójú àgbà bíi tirẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má sì máa lọ láàárọ̀ nìkan. Lọ lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá ti mú, tí ó ti rẹ wọ́n, tí ẹ̀yìn ti ń tẹ̀. Bí ènìyàn ṣe ń jókòó gan-an nìyẹn.

Ẹ̀kẹta yìí, ìwọ tí wọ́n bí síbí mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí ọ̀rọ̀ tábìlì wa ṣe tú síta, àwàdà ló tú u. Mùtárì, awakọ̀ ọ̀gá wa, Kànúrí ni, o sì mọ irú àwàdà tó wà láàárín Kànúrí àti Fúlàní, tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ bínú sí. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí Hàdísà, ó ní, "Ìwọ Fúlàní yìí, ta ló so ràkúnmí mọ́ tábìlì? Wo orúnkún ẹ! Bó o bá dìde, wàá gbé tábìlì ọ̀gá lọ." Hàdísà ní, "Kẹ́nu ẹ já, ẹrú mi. Tábìlì yìí ló ń gbé mi. Wá wò ó." Ló bá ká etí aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀. Orúnkún méjèèjì ti dúdú, ó ti wú. Èmi tí mo jókòó tì í láti ìgbà yẹn, mi ò mọ̀. Òun náà kò sì mọ̀ pé orí tìmùtìmù ni mo wà, aṣọ mi bò ó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ yẹn, àwọn tó ń bára wọn ṣe irú àwàdà yẹn á wà nínú wọn. Jẹ́ kí wọ́n máa wo ara wọn jókòó. Ohun tí wọn ò ní sọ nípa ara wọn fún ìwọ tó gbé ìwé dání, wọ́n á fi ṣẹ̀fẹ̀ sọ nípa ẹnìkejì wọn, ẹ̀rín á sì gbé òtítọ́ jáde.

Ṣé o rò pé ó tán síbẹ̀? Ọ̀gá gbọ́, ó ṣe ènìyàn, ó ní kí wọ́n wọ̀n wá. Wọ́n wọn èmi, wọ́n wọn Hàdísà, wọ́n wọn àwọn tó kù, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n pín in, wọ́n wá ṣe tábìlì tuntun sí àárín. Ó ṣì ga jù fún mi, ó ṣì kúrú jù fún un. Tábìlì yẹn bá ẹnì kan mu dáadáa, àmọ́ ẹni náà ò sí ní ọ́fíìsì wa. Ìka ò dọ́gba, a ò sì lè torí ìyẹn gé èyí tó gùn, ká fi lé èyí tó kúrú. Ìwọ fúnra rẹ lo ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí o ṣì wà nílé ìwé, pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ọwọ́ rẹ̀ lè kúrú, pé orí àwọn méjì tó bá dúró lè dọ́gba, kí ọ̀kan ga ju èkejì lọ tí wọ́n bá jókòó. Mo ń gbọ́ ọ, mò ń rántí èmi àti Hàdísà, mi ò kàn sọ nǹkan kan ni.

Nígbà tó pẹ́, Hàdísà fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò jà, ó kàn ní òun fẹ́ lọ tọ́mọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún wá béèrè bóyá tábìlì dára, gbogbo wa ní ó dára, ó sì sún mọ́ òtítọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí kò dára fún ti lọ. Rántí èyí dáadáa, Àṣàkẹ́. Àwọn tí o ń wọ̀n nínú bàálù yẹn, àwọn tó rọ́nà wọ̀ ọ́ ni. Àwọn tí wọ́n ti dá padà sílé nítorí pé ẹsẹ̀ wọn gùn jù tàbí ó kúrú jù, o ò lè rí wọn níbẹ̀. Béèrè wọn. Wá wọn lọ sílé wọn bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá jókòó lẹ́ẹ̀kan fún ọ.

Ó wá ku ti tìmùtìmù. Mo ti ń sá fún un láti òkè.

Tìmùtìmù ń gbé ojú sókè, òtítọ́ ni. Ohun tó bá fún ojú, ó ń gbà á lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Tèmi gbé mi dé ibi ìwé títẹ̀, ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀, ó ń fì. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò rí ilẹ̀ tẹ̀, ara á máa wá ibi tó máa fara tì. Ejìká ọ̀tún ni tèmi rí. Mo ń fi gbé ara mi láràárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ti Ràmátù, ìwọ lo mọ̀ ọ́n, èmi ò mọ bàálù. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń darí bàálù sọ́tùn-ún àti sósì, àti pé bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ di ara mọ́ ìjókòó gírígírí. Bí ohun tó rọ̀ bá wà láàárín ara àti ìjókòó, kí ni bẹ́líìtì máa dì mú? Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá jù wọ́n sọ́tùn-ún sósì lókè, ṣé tìmùtìmù ò ní yọ̀? Ìbéèrè tó jẹ́ kí n pariwo nìyẹn.

Kí wá ni o máa kọ? Mo ti rò ó títí orí fi ń fọ́ mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ti inú ìwé tiẹ̀ tún le ju ti ẹnu lọ. Bí o bá kọ pé Ràmátù kúrú, wọ́n á lé Ràmátù. Má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ pé pẹ́dàlì jìn. Kọ bó ṣe jìn tó sí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá ga débi tó yẹ. Lẹ́yìn náà, má jẹ́ kó dá nìkan wà nínú ìwé yẹn. Àwọn gíga tí orúnkún wọn ń kan pátákó, kọ tiwọn náà sí i, àti àwọn tí akoto wọn ń kan òrùlé, àti àwọn tó ti lọ. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń ráhùn, wọ́n á ní ẹni náà ni kò dáa. Bí wọ́n bá pọ̀, tí gíga wà níbẹ̀ tí kúkúrú wà níbẹ̀, wọ́n á wojú ìjókòó. O sọ fún mi pé àwọn bàálù kan wà tí pẹ́dàlì wọn ṣe é fà sẹ́yìn. Kọ ìyẹn náà, kí wọ́n rí ohun tí wọ́n lè ṣe yàtọ̀ sí pé kí wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ.

Mi ò ṣèlérí fún ọ pé wọ́n á gbà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, àwọn bàbá wa ti sọ ọ́. Wọ́n lè bínú sí ọ. Wọ́n lè lé Ràmátù síbẹ̀síbẹ̀. Kí o tó kọ ọ́, pe ọmọbìnrin yẹn jókòó, sọ fún un ohun tó o fẹ́ kọ àti ìdí rẹ̀. Má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Á sunkún. Jẹ́ kó sunkún. Sọ fún un pé o mọ ẹnì kan tó dákẹ́, tí tara rẹ̀ sì bá a dákẹ́.

Èmi ni ẹni náà. O rántí pé èmi ni mo máa ń di irun rẹ, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, níwájú ilé, títí o fi fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́jọ́ kan mo ní o ti dàgbà, kí o máa lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sálámì ní òpópónà kejì. O sunkún. O bi bàbá rẹ pé kí lo ṣe fún mi. O tún bi mí lọ́jọ́ tí o gboyè, mo fi ẹ̀rín bò ó. O ò ṣe nǹkan kan fún mi, Àṣàkẹ́. Apá mi ni kò lè gòkè mọ́. Bí mo bá gbé e dé orí rẹ, omi á máa bọ́ lójú mi, mi ò sì fẹ́ kí o rí i. Ọwọ́ yẹn náà ni mo fi ń kọ ìwé yìí, ìdí nìyẹn tí o fi rí i tí àwọ̀ yíǹkì rẹ̀ ń yí padà, torí mo ń gbé e sílẹ̀, mo ń padà wá sí i.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ yìí tù ọ́ lára, kó fún ọ ní ojú tó ń rí ohun tí ẹnu ò sọ, kó pa Ràmátù mọ́ lókè àti nílẹ̀. Máa jẹun. Máa bo ara rẹ bí eruku bá ń jà lórí afárá. Bàbá rẹ ní òun ń kí ọ, ó ní ẹja ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí o wá jẹ tìrẹ fúnra rẹ.

Bí o ṣe wọlé lọ́jọ́ yẹn, kí o tó bọ́ bàtà, o kúnlẹ̀, o ní, "Màmá, ṣé ara le?" Mo ní a dúpẹ́.

Ara mi ò le, ọmọ mi. Ejìká mi ń dùn mí. Ó ń dùn mí gan-an, ó sì ti pẹ́.

Ìyá rẹ,
Wùràọlá